Gíláàsì Ìyàwó Mi Lọ́nà Kétu

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù dáadáa tí mo ti ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìgàndó, tí mo gbé báàgì aláwọ̀ búlúù kọ́ èjìká, tí mo sì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí n má baà gba iwájú Ìyá Kúdí oníbúrẹ́dì kọjá. Àṣé obìnrin yẹn ti jí ṣáájú mi. Ó ti tan àtùpà, ó ń to búrẹ́dì, ó sì rí mi. Oṣù mẹ́fà ni Ìyá Kúdí fi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ Kúdí ọmọ rẹ̀ tó bí ìbejì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, kò sì sí ẹni tó tíì sọ ohunkóhun fún un.

"Bàbá Bọ̀sẹ́, ibo lẹ tún ń lọ láàárọ̀ kùtù yìí? Tíṣà ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì fojú kàn wọ́n."

Mo ní ó ń sùn. Ó ní tó bá jí kí n bá òun kí i. Ó wá fi búrẹ́dì kan lé mi lọ́wọ́, ó kọ̀ kò gbowó, ó ní ti Tíṣà ni.

Irọ́ kọ́ ni mo pa ṣá. Láti oṣù Èrèlé ni Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ti ń sùn lẹ́yìn ilé wa, nídìí igi àgbálùmọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀nà. Ìyàwó mi kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ní Ìdímù, ní Ẹ̀gbẹ́dá, àti ní Ìgàndó níbí. Káfíńtà lèmi. Pírámárì lèmi kà mọ, Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo kó lẹ́nu àwọn òyìnbó kọ́lékọ́lé tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà kan, mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kọ́láwọlé, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ yẹn kò mọ pákó rẹ́ rárá. Bó bá ti dalẹ́, ẹsẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó fi ayùn sílẹ̀, ó padà sílé, ó di tíṣà, ó sì di ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì, Kọ́láwọlé bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá bá àwọn kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìsinmi oṣù Ògún, torí ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà ni àwọn òbí wọn ti ń ṣòwò, Faransé nìkan sì ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Kò ní gbowó. Oúnjẹ àti ibùsùn nìkan ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ló lọ, bó bá sì ti dé, ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lọ́rọ̀ àwọn ọmọ yẹn títí di Kérésìmesì.

Ọdún kẹrin ló kú. N kò ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbà tó di oṣù Agẹmọ ni awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá láti Kétu, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára: àwọn ọmọ ti ń retí, ṣé ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Ògún náà ni?

Bọ̀sẹ́, àkọ́bí wa tó ń gbé ní Gowon Estate, ní kí n kàn pè wọ́n lórí fóònù, kí n sọ ọ́, kó tán. Mo bi í léèrè bóyá fóònù ni wọ́n fi túfọ̀ bàbá mi fún mi. Ní ilé tí wọ́n bí mi sí, ẹni tí òkú kú fún kì í fi ẹnu ara rẹ̀ túfọ̀. Àgbà mìíràn ni yóò lọ, yóò jókòó, yóò mu omi, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà, yóò wá rọra dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Àlàó ọ̀rẹ́ mi, tẹ́là tó wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, pé kó bá mi lọ kó ṣe ẹnu fún mi. Ó gbà. Nígbà tó ku ọjọ́ kan ká gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè tẹ ilẹ̀. Ó ní ká sún un síwájú. Mo ní àwọn ọmọ kì í sún ìrètí síwájú. Bí mo ṣe gbéra láìní ẹnu nìyẹn: èmi nìkan, ìwé méjìlélógún nínú báàgì Morẹ́nikẹ́, páálí ṣọ́ọ̀kì méjì, àti gíláàsì ìkàwé rẹ̀ tí mo fi okùn pupa tó hun fúnra rẹ̀ kọ́ ọrùn. Tèmi ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, tirẹ̀ sì bá ojú mi mu.

Ọgọ́rin náírà ni mo san dé Ìyànà-Ìpájà, irinwó dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni mo ti wọ mọ́tò Lámídì, ọmọ Ayétòrò, awakọ̀ tó lẹ́nu bí ẹyẹ ìbákà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà dé Ìmẹ̀kọ, ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó gbé báàgì mi wò, ó ní ó wúwo. Mo ní ìwé ni.

"Ìwé? Bàbá, àbí ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe JAMB ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo ní bí wọ́n bá gbà mí, òun ni n ó gbà ní awakọ̀. Láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà pupa ni. Òjò ti gbẹ́ ẹ, Lámídì sì ń yẹ kòtò kiri bí ẹni ń jó. Oko gbágùúdá àti igi tíìkì ló wà lọ́tùn-ún lósì. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ra pákó, mo ń ka igi tíìkì wọ̀nyẹn bí darandaran ṣe ń ka màlúù, inú mi sì ń dùn, ohun tí n kò rò pé inú mi yóò ṣe lọ́dún yẹn.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìlárá, níbi tí ilẹ̀ wa parí sí. Ṣebí mo rò pé n ó rí odi tàbí géètì ńlá ni. Okùn kan ni wọ́n ta kọjá ọ̀nà, wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ tú báàgì mi, ó rí ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, ó kí mi ní tíṣà, ó ní kí n máa lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé n kì í ṣe tíṣà, àmọ́ ó ti sọ okùn kalẹ̀.

Ní òdìkejì okùn, nǹkan yí padà wẹ́rẹ́. Owó wọn ni sẹ́fà. Ọ̀kadà wọn ni zẹ́mì, àwọn tó ń gùn ún sì ń wọ ẹ̀wù tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn bíi ti agbábọ́ọ̀lù. Epo bẹntiróòlù, inú ìgò ni wọ́n ń kó o sí lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni ń ta oyin, epo ọ̀dọ̀ wa náà sì ni. Èdè nìkan ni kò yí. Sìmíyù, ọmọ tó gbé mi lórí zẹ́mì, Yorùbá ló ń sọ bíi tèmi, àfi pé ohùn tiwọn ń fà díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá mi àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Òyìnbó ló ta okùn yẹn jàre. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí a dé abúlé náà. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ìró zẹ́mì, wọ́n tò sí iwájú ilé-ìwé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu Morẹ́nikẹ́ nílé ìdáná. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n ń retí zẹ́mì kejì.

Kọ́láwọlé jáde. Dìrẹ́tọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá ilé-ìwé lọ́dọ̀ wọn. Pẹ̀lú gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, Màdáámù ńkọ́?"

Ẹnu mi là, ohun tí mo ti múra sílẹ̀ láti Ìgàndó kò jáde. Mo ní, "Kò lè wá lọ́dún yìí. Ìwé rẹ̀ ni mo kó wá."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ dúró sí ọrùn mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Ọ̀gá." Kò béèrè mọ́. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà gbà sá ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Àṣàbí, ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, nínú yàrá tí Morẹ́nikẹ́ máa ń sùn. Ìyá yìí ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó ń fi ọwọ́ bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìwo ọwọ́. Ẹ̀kọ ni oúnjẹ wọn, àkàsà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fi ewé fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ wé e, ata gígún tútù àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kò sí ọbẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ láìlọ́bẹ̀ fún àlejò, ọjọ́ méje ni wọn yóò fi sọ ọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún béèrè sí i.

Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ lò. Kí n sọ ọ́, kí n kó ìwé sílẹ̀, kí n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ mẹ́tàlélógójì ti jókòó. Kọ́láwọlé ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa dúró fún Màdáámù." N kò lè sọ pé n kò ní dúró fún ìyàwó mi.

Mo gbé gíláàsì sójú, mo ṣí ìwé, mo kà, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá wúkọ́, wọ́n á wúkọ́. Títí di ọjọ́ kejì, n kò rò pé ẹnì kan nínú wọn mọ ohun tí a ń sọ, ó sì dá mi lójú pé èmi gan-an kò mọ ìdajì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni orúkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣú, mo ti mọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, láti orí Múìnátù tó ga jù wọ́n lọ títí dé orí Táyé àti Kẹ́hìndé tí kò ju ìkòkò lọ.

Ọjọ́rú ni bẹ́ǹṣì wó. Ọmọ mẹ́rin ló bá a lọ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú eruku. Mo wo àwọn bẹ́ǹṣì yòókù, mo rí i pé ikán ti jẹ wọ́n tán. Mo ní kí Kọ́láwọlé wá òòlù, ìṣó, ayùn àti pákó fún mi. Ó dúró, ó di ìbàdí mú.

"Ọ̀gá, mo sá fún iṣẹ́ káfíńtà láti Ìgàndó wá síbí. Ẹ tún gbé e wá bá mi?"

Àmọ́ ó wá a. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, òfin kan wà láti ọjọ́ pípẹ́: ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ tí kò bá lè pe orúkọ rẹ̀, kì í sì í lò ó bí kò bá lè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo sọ òfin náà di ti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tèmi nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ilé kíkọ́, kò sì sí tíṣà tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba òòlù gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìṣó gbọ́dọ̀ sọ iye tó fẹ́ àti ibi tí yóò kàn án sí. Ẹ wá wo ìjà! Àwọn ọmọ tí kò lanu láti ọjọ́ Mọ́ńdè ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà sí ìṣó. Múìnátù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń fi òòlù lu ìṣó tó fi ń wọlé, ìṣó rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Àwọn òbí ń ti oko bọ̀, wọ́n ń dúró lójú fèrèsé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ǹṣì méje ló dìde. Lójoojúmọ́ tí mo bá jí, ara mi máa ń yá gágá, mo sì ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí. Kò sí ọmọ kan tó béèrè Màdáámù lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kìíní, ó tù mí lára. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lábẹ́lẹ̀. Àbí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ ni? Obìnrin tó ń ka orúkọ wọn nínú àdúrà? Lálaalẹ́, n ó jókòó ti Ìyá Àgbà Àṣàbí, n ó sọ fún ara mi pé ìsinsìnyí ni. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà bí àwọn àgbà ti ń ṣe. N ó sọ ti òjò, n ó sọ ti àgbàdo, ìyá náà á máa dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa bó ẹ̀gúsí. N kì í débẹ̀. Oorun á sì kó wa lọ.

Ọjọ́ Fúráìdé tó ṣáájú ọjọ́ tí n ó padà sílé, Múìnátù dìde níwájú kíláàsì. Ó gbé ìdì ìwé kan fún mi, òwú ni wọ́n fi dì í. Lẹ́tà mẹ́tàlélógójì. Ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìkọsẹ̀, pé ti Màdáámù ni, kí n jọ̀wọ́ bá àwọn mú un fún un.

Mo gbà á. Mo jáde, mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Àṣàbí, ìdì lẹ́tà náà wà ní àyà mi. Bí mo bá mú un lọ sílé láìsọ̀rọ̀, irọ́ mi yóò di ti ọmọ mẹ́tàlélógójì. Mo dúró níwájú ìyá náà.

Ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti dé la ti mọ̀."

Mo ní, "Kí lẹ mọ̀, Ìyá?"

Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kan gíláàsì tó wà ní ọrùn mi. "Obìnrin tó wà láyé kì í yọ ojú rẹ̀ fún ọkọ gbé rìnrìn àjò. Àwọn ọmọ mọ okùn pupa yìí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sá wá sọ fún mi."

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "A ha lè sọ òkú rẹ fún ọ bí? Ìwọ lo ni ín. A ń dúró dè ọ́ ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró, gbogbo abúlé, àtọmọdé àtàgbà. Èmi ń dúró de ẹnu ẹlòmíràn, àwọn ń dúró de tèmi. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ igbá ẹ̀gúsí, mo sì sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu èmi fúnra mi jáde láti oṣù Èrèlé: "Morẹ́nikẹ́ ti kú." Ilẹ̀ kò là. Ìyá Àgbà Àṣàbí di ọwọ́ mi mú.

Kọ́láwọlé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti pe fóònù Màdáámù títí ó fi sú òun, pé ọkàn òun ti ń sọ fún òun. Ó sunkún bí ọmọ iṣẹ́ tí òòlù bà lọ́wọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì méjèèje jáde síta, abúlé jókòó lé wọn lórí, wọ́n sì kí mi kú ìrọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí bẹ́ǹṣì tó dún.

Mo fi ìwé àti ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo fi òòlù lé Múìnátù lọ́wọ́, ó sì béèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fún un, torí òfin lòfin. Gíláàsì àti ìdì lẹ́tà nìkan ni mo gbé padà.

Sìmíyù gbé mi dé ibi okùn, kò gbowó. Lámídì ló tún gbé mi láti Ìmẹ̀kọ. Ó bi mí bóyá mo yege nínú JAMB. Mo ní máàkì mi pọ̀. Ohun tí mo gbé bọ̀ láti ìrìn àjò náà kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tí a rò pé à ń gbé pamọ́ fún àwọn ènìyàn, ó lè jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń bá wa gbé e. Mo sì mọ̀ báyìí pé ẹnu tèmi náà tó sọ ọ́.

Ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìgàndó. N kò gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gba iwájú Ìyá Kúdí. Ó ti ń nu tábìlì rẹ̀.

"Bàbá Bọ̀sẹ́, ẹ kú àbọ̀. Tíṣà ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn ṣá?"

Mo wá mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò náà ń dúró dè mí. Mo ní, "Ìyá Kúdí, ẹ jókòó. Tíṣà ti kú. Láti oṣù Èrèlé ni, nígbà tẹ́ ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ó jókòó sórí páálí búrẹ́dì, ó fi gèlè bojú. Mo jókòó tì í, n kò sì kánjú. Nígbà tó mú gèlè kúrò lójú, mo tú òwú ìdì lẹ́tà, mo yọ ti Múìnátù, mo gbé gíláàsì sójú, mo sì ń sọ ọ́ di Yorùbá fún un bí mo ṣe ń kà á:

"Màdáámù wa, bàbá tí ẹ rán sí wa dé láyọ̀. Wọn kì í nà wá. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ràn àkàsà. Ẹ má ṣe dààmú nípa wọn, a bá yín tọ́jú wọn."

Ìyá Kúdí ní kí n tún un kà. Mo nu gíláàsì náà, mo sì tún un kà.